Ṣé Ẹja Á Padà Síbi Tí Wọ́n Ti Fa Yanrìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni ilé ìyá mi, ibẹ̀ sì ni àwọn àbúrò mi ti ń pẹja. Àwọn kan fẹ́ máa fi ẹ̀rọ fa yanrìn níwájú wa. Wọ́n ní kò séwu, pé omi á fi yanrìn mìíràn dí ihò náà. Ṣé ká fọwọ́ sí i? (Ìyá oníṣòwò, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Òótọ́ ni pé ihò lè dí. Ohun tó máa dí i ni wọn ò sọ fún yín.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìsàlẹ̀ omi kì í gbé jìn ju nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà lọ nínú yanrìn: aràn, edé, akàn kéékèèké, àwọn oníkarawun. Àwọn lẹja ń jẹ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń fà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lókè òkun, iye ẹ̀dá ibi tí ẹ̀rọ kọjá lè fi 40 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fà á. Ọkọ̀ kan lè máa rìn bó ṣe ń fà, kó máa la poro tí kò jìn, bíi poro oko. Òmíràn á dúró sójú kan, á gbẹ́ kòtò mítà púpọ̀. Èyí kejì ló ń já mi láyà. Ẹ wo kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ sẹ́yìnkùlé nílùú Ìbàdàn níbí tí òjò fi rọ̀ bá a: kí ló ń dí i? Ẹrọ̀fọ̀ àti ọ̀rá ni. Bákan náà ni lábẹ́ omi. Omi kì í ṣàn dáadáa nínú kòtò jíjìn, ẹrẹ̀ ló ń rọ̀ sí i, ìdọ̀tí ń jẹrà níbẹ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹ̀dá tó fẹ́ yanrìn ò ní padà síbẹ̀.

Bí yanrìn irú ti tẹ́lẹ̀ bá ṣẹ́ kù, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lè gbà tó ọdún 2 sí 3, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀dá tó kún un padà. Bí wọ́n bá ń padà wá lọ́dọọdún, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún kankan nìyẹn.

Ẹyin ẹja náà ń kó sí i. Akọ epìyà, irú èyí tí à ń rà ní Ẹlẹ́yẹlé, máa ń fẹnu gbẹ́ ìtẹ́ sínú yanrìn níbi tómi ò ti jìn kí abo tó yé ẹyin.

Ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ wọn á máa rìn ni àbí yóò dúró, mítà mélòó ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, àti yanrìn mélòó ni wọ́n máa fi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Òfin 1992 ti Nàìjíríà ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àyíká kí wọ́n tó wa yanrìn tó bá gba 50 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ pé 49 làwọn fẹ́, ẹ fura.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí àwọn àbúrò yín ra ìwé kan lónìí, kí wọ́n máa kọ irú ẹja tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́ àti iye rẹ̀ sí i. Bí ìjà bá dé lọ́la, ìwé yẹn lẹ máa gbé síta.