Póíǹtì orí káàdì lè gbé ọmọ mẹ́ta dé Èkó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ní ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún méjì, ẹ̀yin àti ọkọ yín fẹ́ kó wọn lọ kí màmá nílé ní December, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ti fẹ́ lé yín sá, wọ́n wá ní póíǹtì orí káàdì, ìyẹn èrè tí báǹkì ń fún ẹni tó bá fi credit card náwó, lè gbé gbogbo yín lọ, ẹ ń bèèrè bóyá òótọ́ ni àbí jìbìtì. Òótọ́ ni. Maryland ní Amẹ́ríkà níbí làwa ń gbé, ọmọ mẹ́ta làwa náà bí, póíǹtì la sì fi ń kó wọn lọ sílé láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n ó jọ pé fídíò tí gbogbo ayé ń wò lẹ̀yin náà wò, ti ọkọ àti ìyàwó tó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú business class. Ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ò ráyè ìyẹn jàre. Ohun tí mo fẹ́ràn póíǹtì fún jù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn bá fi í rà ṣeé dá padà, torí ọmọ kékeré kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó ṣàìsàn.

Ọdún kan wà tó jẹ́ pé àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀bùn tí a rà fún ará ilé ti wọ inú Ghana-Must-Go, alẹ́ ọjọ́ kejì la fẹ́ gbéra láti Dulles, ẹ́ápọ́ọ̀tù Washington. Èyí àárín bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí, omi ń jáde níbẹ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ilẹ̀ mọ́ a gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, ó tan iná wo inú etí náà, ó ní ká má gbé ọmọ yìí wọ bàálù lọ́sẹ̀ yìí. Orí àga tí mo jókòó sí níbẹ̀ ni mo ti ṣí áàpù lórí fóònù, mo kánsù tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa, kí nọ́ọ̀sì tó parí ìwé oògùn, máìlì (orúkọ tí póíǹtì ń jẹ́ tó bá ti wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù) ti padà sínú àkáǹtì, owó tax náà padà sórí káàdì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣeé dá padà la fi owó gidi rà ńkọ́? Èèyàn márùn-ún! Ìyá ọkọ mi tó ti ra ewúrẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo kàn pè pé màmá, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Àmọ́ ẹ wo òfin ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó o. United kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá dá tíkẹ́ẹ̀tì máìlì wọn padà kí bàálù tó gbéra. Flying Blue, ìyẹn ètò máìlì Air France àti KLM, máa ń gba bíi 70 euro lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, ti èèyàn mẹ́rin (àbíkẹ́yìn yín á jókòó lórí ẹsẹ̀) kì í ṣe owó kékeré. Tí máìlì bá sì padà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ló ń padà sí, kì í padà sí báǹkì mọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ẹ fi póíǹtì yín sílẹ̀ ní báǹkì títí ẹ ó fi rí síìtì gbogbo yín tó ṣeé fi póíǹtì rà lójú kòrókòró. Póíǹtì tó ṣì wà ní báǹkì lè lọ síbi púpọ̀: ti báǹkì Chase ń lọ sí United, Aeroplan tó jẹ́ ètò máìlì Air Canada, Flying Blue, British Airways, Virgin Atlantic. Ti Amex, ìyẹn American Express, ò dé United rárá, Delta ló ń lọ, ó tún ń lọ sí Aeroplan, Flying Blue àti Virgin. Ti báǹkì Capital One ò kan United ò kan Delta, ṣùgbọ́n ó ń dé Aeroplan, Flying Blue àti Turkish Airlines. Tí ẹ bá ti ṣe tiransífà rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò sí báǹkì tó máa bá yín gbà á padà. Mo mọ tọkọtaya kan tí báǹkì ní àwọn máa fi èènì sí i tí wọ́n bá ṣe tiransífà lóṣù yẹn, wọ́n sáré kó gbogbo rẹ̀ lọ síbì kan ṣoṣo, ìgbà tí wọ́n wá dé ibẹ̀ síìtì kan ni wọ́n rí, síìtì kan fún ìdílé elẹ́ni mẹ́rin, máìlì yẹn wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wúlò.

Bàálù kan náà sì ni, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ra á ju ẹyọ kan lọ. United tó ń gbéra láti Dulles lọ sí Èkó tààrà, ẹ lè fi máìlì United rà á, Aeroplan náà lè rà á. Delta tó ń lọ láti Atlanta, àwọn fúnra wọn máa ń bèèrè máìlì rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n póíǹtì Virgin Atlantic máa ń ra bàálù Delta kan náà nígbà míì tí wọ́n bá ju síìtì sílẹ̀. Torí náà kí ẹ yẹ gbogbo ojúlé wò. Ẹ sì wo owó tí wọ́n máa gbà lẹ́yìn póíǹtì. British Airways àti Virgin, tó bá jẹ́ bàálù tiwọn gan-an lẹ fẹ́ wọ̀ gba London, owó àfikún tí wọ́n ń pè ní surcharge máa ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rin. United àti Aeroplan kì í gba surcharge yẹn.

Bí ẹ ṣe máa wá síìtì náà rèé, ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù. Ẹ má fi èèyàn mẹ́rin wá a lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ síìtì méjì péré ló kù ní iye tó rọ̀, tí ẹ bá bèèrè mẹ́rin, iye tó ga ni wọ́n máa fi lé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí, tàbí kí wọ́n ní kò sí rárá. Èmi, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, màá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, màá wá ẹnì kan, màá wá méjì, màá wá mẹ́ta, ibi tí iye ti fò sókè yẹn ni màá ti mọ̀ pé síìtì tó rọ̀ ti tán. Nígbà náà la máa pín ara wa, èmi àti ọmọ kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, dádì wọn àti àwọn yòókù nínú èkejì. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ dá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ o, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù lórí fóònù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú méjèèjì pé ìdílé kan náà ni yín, kí wọ́n má bàa gbé ọkọ yín sí bàálù ọ̀tọ̀ tí wọ́n bá yí àkókò padà.

December tí ẹ ń sọ yìí, àlọ rẹ̀ ṣì ṣeé rí, àbọ̀ ló ń pa èèyàn. Gbogbo Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January torí iṣẹ́ àti iléèwé. Nítorí náà àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Póíǹtì ò dà bíi tíkẹ́ẹ̀tì owó tí wọ́n máa ń gbé iye lé ẹni tó ra àlọ nìkan, ẹ lè ra àbọ̀ lónìí kí ẹ ra àlọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ lè fi United padà kó jẹ́ Air France lẹ fi lọ. United máa ń ṣí síìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 337 ṣáájú, British Airways ní ọjọ́ 355, ẹni tó bá fẹ́ December gbọ́dọ̀ ti máa wò ó láti January ọdún yẹn. Tí àwọn ọmọ yín ò bá tíì wọ iléèwé gidi, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ lọ ní February, màmá máa rí yín dáadáa ju ti December tí òde ń ya lu òde.

Ẹ̀dínwó wà fún ọmọ ní Flying Blue, ọmọ ọdún 2 sí 11 ń san máìlì tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àgbàlagbà. Àwọn ti Amẹ́ríkà kì í ṣe irú ẹ̀, tọmọdé tàgbà ń san iye kan náà.

Ó wá ku ti àbíkẹ́yìn yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lórí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ìrìn-àjò òkè òkun kì í ṣe ọ̀fẹ́. United àti Delta máa ń gba ìdá mẹ́wàá owó tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà àti tax, owó gidi o, kódà tó bá jẹ́ póíǹtì lẹ fi ra tiyín. Ẹ ṣọ́ra, tí ẹ bá wà ní business class, ìdá mẹ́wàá owó business ni wọ́n máa gbà, ó lè le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Aeroplan ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, dọ́là Kánádà 25 tàbí póíǹtì 2,500 fún ọmọ ọwọ́. Tó bá sì máa pé ọdún méjì nígbà tí ẹ bá wà nílé, dandan ni kó ní síìtì tiẹ̀ lábọ̀, ẹ rà á pọ̀ mọ́ tiyín, ẹ má retí pé ẹ máa rí i rà ní Èkó ní January.

Ẹ rí i dájú pé orúkọ ọmọ ọwọ́ yẹn wọ inú tíkẹ́ẹ̀tì, pé ó ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan, lórí fóònù, ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní òun ti fi ọmọ sí i, ó ní ká sanwó tiẹ̀ ní ẹ́ápọ́ọ̀tù. A dé káúńtà, ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo ti pọ̀n ọ́n, arábìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ma, kò sí ọmọ kankan níbí." Láti ibẹ̀ wọ́n ní ká lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n pe ọ̀gá, ọ̀gá pe ọ́fíìsì, èyí àkọ́bí ní òun fẹ́ tọ̀, ìlà tó wà lẹ́yìn wa wọlé tán pátá. Ìgbà tí wọ́n fi rí ìwé rẹ̀ tẹ̀ jáde, bàálù ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn, eré la fi sá dé ibẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò fi fóònù sílẹ̀ títí wọ́n á fi ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ sí mi létí tí mo sì rí i nínú email. Nígbà tí ẹ bá ń pè náà kí ẹ bèèrè bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ògiri iwájú. Wọn kì í pọ̀ nínú bàálù kan, ó sì ní ìwọ̀n tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ibi tí póíǹtì ti ń wá ńkọ́? Èènì tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ ná iye kan láàárín oṣù mẹ́ta, ó sábà máa ń tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ duro de ìgbà tí ìnáwó tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá fẹ́ dé, owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò ọlọ́dọọdún, owó gbọ̀ngàn ìkómọjáde, owó daycare tí wọn ò bá bu owó káàdì lé e. Ẹ̀yin gba tiyín, lẹ́yìn oṣù mélòó kan kí ọkọ yín gba tiẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ gbà á máa ń rí èènì lórí ẹni tó bá mú wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Chase, torí wọn kì í sábà dá ẹni tó bá ti gba káàdì márùn-ún láàárín oṣù 24 lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń jẹ gbèsè lórí káàdì lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èlé orí káàdì ti ju 20 lórí ọgọ́rùn-ún lọ lọ́pọ̀ ibi, kò sí póíǹtì tó lè bá èlé yẹn sáré. Ẹ san gbèsè ná. Mo ti rí ìdílé tó fi káàdì ra aṣọ ẹbí tí wọn ò nílò torí kí wọ́n lè rí póíǹtì, ó dùn mí gan-an.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ, èmi ò fi tààrà ṣeré bí póíǹtì rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Gbígbé ọmọ mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ ní Paris láàárọ̀ kùtù, ká tún to ìlà, ká tún bọ́ bàtà, ó ti tó. Tí ẹ bá gba London, ẹ má jẹ́ kí ìdúró yín kọjá wákàtí 24, torí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní APD máa bọ́ sí i lọ́rùn àgbà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ò ní san án tí ẹ bá wà ní economy. Kí ẹ sì wo ọ̀rọ̀ fisa ibi tí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí tó bá jẹ́ pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ̀yin méjèèjì ń lò.

Pasipọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ti ọmọ tí kò tíì pé 16, ọdún 5 péré ló ń lò, ìyá àti bàbá ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ yọ ọ́ wò lálẹ́ yìí. Orúkọ àwọn ọmọ wa gùn, kí ẹ kọ ọ́ sínú àkáǹtì máìlì bó ṣe wà nínú pasipọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́, ẹ má gé Olúwa kúrò níwájú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yellow fever, láti oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ti lè gbà á, kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ̀ dọ́kítà ni wọ́n ti ń fún un, ìwé rẹ̀ ò sì tíì lágbára títí di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí náà kó má di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra.

Ẹ sọ oṣù tí àbíkẹ́yìn máa pé ọdún méjì fún mi, àti ẹ́ápọ́ọ̀tù tó sún mọ́ yín, àti irú káàdì tó wà lọ́wọ́ yín báyìí (ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀ o), màá bá yín wá àbọ̀ yẹn lálẹ́ ọ̀la tí àwọn tèmi bá ti sùn.