Ẹ má sọ rìfọ́fà sínú àpò ṣòkòtò lásán: ìdáhùn fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní Houston

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 57 ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Houston, ní Texas. Mo ra rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, kékeré ọlọ́ta 5 ni, nítorí pé alẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ra àpò ìbọn mẹ́ta tí wọ́n ń kì bọ inú ṣòkòtò, gbogbo wọn ló ń gún mi ní ìbàdí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má náwó mọ́, ó ní tírígà rìfọ́fà le débi pé kò lè ṣèèṣì dún, kí n kàn sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò mi. Àpò wo ló rọrùn jù lọ?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà. Mo máa dáhùn ìbéèrè nípa ìbàdí yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mo máa kọ́kọ́ mú. Mi ò lè ka iye ènìyàn tó ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ́ni ní ìbọn, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ yẹn ló ń kó ènìyàn sí wàhálà.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Rìfọ́fà kékeré bíi Smith & Wesson 642 tàbí Ruger LCR kò ní bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ kí ó má baà dún. Líle tírígà rẹ̀ ló dúró fún bọ́tìnì yẹn. Bí ẹ bá fa tírígà, ìfà kan ṣoṣo yẹn ló ń yí ilé ọta, òun náà ló ń gbé òòlù inú ìbọn sẹ́yìn, òun náà ló sì ń tú u sílẹ̀ kó gbá ìdí ọta. Lórí 642, ó ń gba agbára bíi kílò 5 ààbọ̀. Ti LCR fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ṣe inú ìbọn òde òní lọ́nà tí òòlù kò fi ní lè mú ọta dún àyàfi bí wọ́n bá fa tírígà dópin. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dún bó bá já bọ́ sílẹ̀.

Àyàfi bí wọ́n bá fa tírígà. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ìbọn kò mọ̀ bóyá ìka ló fà á tàbí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nínú àpò ṣòkòtò yín, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, bírò wà níbẹ̀, owó ẹyọ wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ á yọ́ wọ inú òrùka irin tó yí tírígà ká. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ mú fóònù tó bọ́ sílẹ̀, aṣọ á fún mọ́ itan, kọ́kọ́rọ́ á sì máa ti tírígà lọ sẹ́yìn. Kílò 5 ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àpò ìrẹsì kékeré tó wà lórí káńtà yín lọ, èyí tí ọmọ ọdún 10 ń gbé wọlé láti inú ọkọ̀. Ara àgbàlagbà tó jókòó lè tẹ nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọ̀.

Kì í tún dúró bí ẹ ṣe fi í sí. Ìbọn tí kò ní àpò tirẹ̀ ń yí kiri nínú àpò ṣòkòtò ni. Ní àárọ̀, èèkù rẹ̀ wà lókè. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, èèkù ti dojú kọlẹ̀, ẹnu ìbọn ti ń wo ikùn yín. Bí ẹ bá wá nílò rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó máa fọwọ́ wá a kiri nínú àpò bí ẹni tó ń wá ṣéńjì, ìka tó ń wá a kiri yẹn ló sì máa kọ́kọ́ kan tírígà. Òwú àti eruku inú àpò ṣòkòtò tún ń wọ inú ibi tí ilé ọta ti ń yí. Mo ti ṣí èyí tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò ibi tí irin ti ń jáde gbá ọta. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè má dún lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fẹ́ kó dún.

Àwọn mìíràn máa ń ní àwọn kò ní fi í sínú àpò, àwọn á kàn kì í bọ ìbàdí. Ní November 2008, Plaxico Burress, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún New York Giants, ki ìbọn Glock bọ ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ láìní àpò ìbọn, ó sì wọ ilé fàájì kan ní Manhattan. Ìbọn yọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó sáré fẹ́ gbá a mú, ó dún, ọta sì wọ itan rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni wọ́n dá fún un ní 2009, torí kò ní àṣẹ New York láti gbé e. Mo mọ̀ pé Glock kì í ṣe rìfọ́fà, tírígà rẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọwọ́ tó ń sáré gbá ohun tó ń já bọ́ mú máa ń fi gbogbo agbára dì í ni, kò sì sí tírígà rìfọ́fà tó le jù fún irú ìdìmú bẹ́ẹ̀.

Bí ìyàwó yín bá sì ń ronú báàgì ọwọ́, ẹ sọ èyí fún un. Ní Ìdáhò, ní ìparí December 2014, ọmọ ọdún 2 kan na ọwọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀ nínú ilé ìtajà Walmart, ìbọn inú rẹ̀ dún, ó sì pa ìyá náà. Báàgì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìbọn ni. Bàbá tó bí mi, ọdẹ ni. Kò jẹ́ fi ìbọn kíkì sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, bẹ́ẹ̀ ìbọn tirẹ̀ gùn ju ọmọ náà lọ.

Nítorí náà, rìfọ́fà gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, àpò tó bo tírígà pátápátá. Bí ẹ bá dà á dojú dé, kí ìbọn má bọ́. Bí ẹ bá yọ ìbọn, kí ẹnu àpò náà má pa dé, nítorí pé awọ rírọ̀ tó ti gbó máa ń ká wọ inú, bí ẹ bá sì ń ti ìbọn padà, awọ yẹn á bá yín fa tírígà. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ràn àpò aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ní gbogbo ìbọn ló bá mu. Awọ tó nípọn tàbí ike líle tí wọ́n ń pè ní Kydex, tí wọ́n gé mọ́ ìbọn yín gan-an, ni kí ẹ rà.

Nísinsìnyí, ìbàdí yín. Ẹ ò sọ irú bẹ́líìtì tí ẹ ń lò, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bẹ́líìtì tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bẹ́líìtì rírọ̀ ń jẹ́ kí ìbọn fì, ẹ ó wá fún un pinpin kó má baà fì, òun náà á sì máa gún yín. Ẹ ra bẹ́líìtì líle tí wọ́n ṣe fún ìbọn gbígbé, tó fẹ̀ tó bíi sàǹtímítà 4. Bí ìbọn bá máa wọ inú ṣòkòtò, kí ṣòkòtò náà fi íǹṣì 1 tàbí 2 tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí òógùn má baà mú kí awọ máa họ yín lára, kí irin náà má sì dípẹtà.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ta àpò kì í sọ. Ẹnu rìfọ́fà yín kúrú, kò tó sàǹtímítà 5, ilé ọta rẹ̀ sì nípọn ju sàǹtímítà 3 lọ. Bí àpò náà bá kúrú bí ìbọn, ohun tó wúwo wà lókè bẹ́líìtì, kò sí ohun tó gùn tó nísàlẹ̀ láti dì í mú. Òkè á máa ṣubú síta, ìsàlẹ̀ á máa tẹ egungun ìbàdí yín. Àpò tó gùn ju ìbọn lọ díẹ̀ sábà máa ń rọrùn ju èyí tó kúrú lọ. Ó dà bí ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ ń lò, ẹ gbé e sẹ́yìn egungun ìbàdí ọ̀tún díẹ̀, ẹ má gbé e sórí egungun náà gan-an, ẹ má sì gbé e sí àárín ẹ̀yìn: bí ẹ bá yọ̀ ṣubú, egungun ẹ̀yìn yín ló máa bọ́ lé irin. Ti iwájú ikùn kò dára fún ẹni tó bá níkùn díẹ̀, tó sì ń jókòó pẹ́. Ti ọrùn ẹsẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ inú àpò ṣòkòtò lọkàn yín ṣì wà, àpò ìbọn wà tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ó ń bo tírígà, ó ń gbé èèkù sókè, ara rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ kó má baà bá ìbọn jáde. Àpò iwájú nìkan ni o, kò sì gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun mìíràn nínú rẹ̀, ì báà ṣe tíṣù. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìbọn padà, ẹ yọ àpò náà síta, ẹ ki ìbọn bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó dá méjèèjì padà. Fún ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn káńtà bíi tiyín, èyí lè jẹ́ ìdáhùn yín gan-an.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lọ sí òde àríyá, ẹ fi sílé, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí onírin. Okùn ṣòkòtò kò lè gbé ìbọn dúró. Agbádá á bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ká a sókè tán, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Ọtí tún wà níbẹ̀, ní Texas sì rèé, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ọtí ń pa máa gbé ìbọn kiri.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀. Láti ọjọ́ 1 September 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọdún 21 lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ, bí òfin kò bá ti kà á léèwọ̀ fún wọn. Àwọn tí òfin kà á léèwọ̀ fún yẹn kì í sábà mọ̀. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lórí físà ìbẹ̀wò, ti ilé ìwé tàbí ti iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tàbí ọta rárá lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àfi àwọn ọ̀nà tóóró kan. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá kàwé bá ń bá yín ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ìbọn náà lé e lọ́wọ́, kò dà bí eré: ẹ̀wọ̀n àti ìlélọ padà sílé ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Nàìjíríà, ẹ má ṣe dán an wò láti gbé e. Òfin ìbọn níbẹ̀ ka rìfọ́fà mọ́ ìbọn tí a fòfin dè.

Kí ẹ tó dán àpò èyíkéyìí wò, ẹ tú ọta jáde, ẹ wo ihò márààrùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kó ọta sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìbọn òfìfo sí i nílé fún wákàtí 2: ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé páálí. Ẹ kọ́kọ́ ra bẹ́líìtì yẹn ṣá, kí ẹ sì lò ó pẹ̀lú àwọn àpò mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lè tó yín. Bó bá ṣì ń gún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ sọ ibi tó ti ń gún yín gan-an, bóyá orí egungun ni, tàbí ìhà, tàbí itan.