Gúlù Ló La Ilẹ̀kùn Yín

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníṣẹ́-Igi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ilẹ̀kùn mẹ́rin sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi: férémù yíká, pákó ní àárín. Gbogbo ibi tí igi ti kan igi ni mo fi gúlù sí, kó má baà yẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ gbẹ, pákó àárín méjì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkẹta ò là, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ò kan àpótí mọ́. Ṣé igi burúkú ni wọ́n tà fún mi ni? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má bú ẹni tó ta igi. Gúlù yẹn ni.

Igi tó ti gbẹ ṣì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń tú u sílẹ̀. Tó bá mu ún, á fẹ̀. Tó bá tú u sílẹ̀, á súnkì. Gígùn rẹ̀, bí iṣan igi ṣe lọ, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú ló ń yí. Pákó tó fẹ̀ tó mìlímítà 400 lè fi 3 tàbí 4 súnkì láàárín ìgbà òjò àti ìgbà gbígbẹ. Ẹ̀yin wá fi gúlù dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ó fẹ́ súnkì, kò ráàyè, ó là. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀kùn méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo bú oníigi títí ọ̀gá mi fi bú sẹ́rìn-ín.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin férémù nìkan ni gúlù wà fún. Bí kòtò inú férémù bá jìn ní mìlímítà 10, kí pákó wọ inú rẹ̀ ní 7 péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ààyè 3 ṣẹ́ kù. Ẹ kun pákó náà ní fáníìṣì kí ẹ tó tò ó. Bí ẹ bá tò ó tán kí ẹ tó kùn ún, lọ́jọ́ tó bá súnkì, ìlà funfun tí fáníìṣì ò dé á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, ojú á sì tì yín lójú àlejò.

Ẹ má da férémù àwọn méjì tó là nù. Ẹ fi ẹ̀yìn wọn sókè, ẹ gé ètè kòtò tó wà lẹ́yìn kúrò, ẹ yọ pákó tó là, ẹ fi pílàáwúùdù rọ́pò rẹ̀. Ìpele inú pílàáwúùdù dábùú ara wọn, torí náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì. Òun lẹ lè lẹ̀ ní gúlù yíká. Ẹ wá fi igi tín-ínrín dè é lẹ́yìn, kí ẹ kan ìṣó rẹ̀ mọ́ férémù.

Ti ìkẹta ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ gbé ọ̀pá gígùn tó gún régé kan sókè rẹ̀, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ di ojú kan, ẹ wo orí ọ̀pá méjèèjì. Bí wọ́n bá bá ara wọn dọ́gba, ilẹ̀kùn ò lọ́ rárá. Ó lè jẹ́ àpótí kọ́bọ́ọ̀dù gan-an ló lọ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, ṣé ẹ kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ní fáníìṣì? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kun iwájú nìkan, ni ẹ̀yìn á bá máa mu ọ̀rinrin, tí iwájú ò ní mu tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn á sì lọ́. Bó bá jẹ́ mìlímítà 1 tàbí 2 ló fi yọ, ẹ yí sùkúrù tó ń ti ilẹ̀kùn síwá-sẹ́yìn lára híńjìsì, bó bá jẹ́ irú híńjìsì tó ń wọ ihò mìlímítà 35 lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe férémù tuntun.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ ìkẹrin. Ẹ tètè yọ pákó àárín òun náà, kó tó là.