Ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀, Google ń sọ̀rọ̀: ta ni kí n gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ mi obìnrin pé ọ̀sẹ̀ méje lónìí, àkọ́bí wa ni. Manchester la wà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe, nítorí náà èmi àti fóònù la jọ ń ṣọ́ ọmọ lóru. Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí wọ́n tó fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ọmọ ò tíì gba abẹ́rẹ́ BCG, pé nílé, kété tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni wọ́n ń gún un, pé ṣé a fẹ́ kí ọmọ-ọmọ àwọn kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá wò wá, àgbo àti tìróò sì ti wà nínú ẹrù.

Mo bá lọ sórí Google. Ojú ewé kan kọ NHS, orúkọ ètò ìlera ìjọba ibí, gàdàgbà sókè, mo kà á títí, ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ni mo tó rí i pé oògùn inú rírun ni wọ́n ń tà. Ibòmíràn ní oyin lè ṣe ọmọ ọwọ́ léṣe. Ẹ̀gbọ́n, a fi oyin sí i lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Níbo ni kí n ti máa wo ọ̀rọ̀ ìlera tó jẹ́ ti ìjọba fúnra rẹ̀, báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé ti ìjọba ni lóòótọ́?

Ìyá Àkọ́bí, Manchester

Àbúrò mi, kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti oyin kúrò nílẹ̀, kí o lè rí oorun sùn. Òótọ́ ni ohun tí o kà. Kòkòrò kan lè fara pamọ́ sínú oyin tí àgbàlagbà á jẹ tí nǹkan kan ò ní ṣe é, ṣùgbọ́n ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì gbó tó láti bá a jà. Àìsàn tó ń fà, botulism lorúkọ rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó le. Ohun tí NHS kọ ni pé kí a má fún ọmọ ní oyin títí yóò fi pé ọdún kan. Tí ọmọ rẹ bá ń fa ọmú dáadáa, tó ń ké kíkankíkan, tó ń ya ìgbẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, má fi ìyà jẹ ara rẹ. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tí kò lè fa ọmú, tí ohùn ẹkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni o máa pè, kí o sì sọ fún wọn pé ó ti kan oyin lẹ́nu. Èmi náà fi oyin sí àkọ́bí mi lẹ́nu ní 2013, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tó kan èkejì, ètè èmi ìyá rẹ̀ ni bàbá àgbà fi oyin náà kàn, wọ́n ṣàdúrà wọn parí, a sì jẹ ìrẹsì wa.

Ó kan ìbéèrè rẹ gan-an. O ní báwo lo ṣe máa mọ ojú ewé ìjọba. Èmi á fi kún un pé: ìjọba ibo? Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyí. Àkọ́bí mi ò tíì ju oṣù méjì lọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru. Mo tẹ ìbéèrè sí Google, ó gbé ojú ewé ìjọba Amẹ́ríkà wá fún mi, ojúlówó, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá ti dé 100.4, kí n wá dókítà kíákíá. Mo wo ohun ìwọ̀n ọwọ́ mi: 38.3. Àyà mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, mo ní a ṣì jìnnà réré sí ọgọ́rùn-ún, mo gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sùn. Àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì tí mo bá sọ̀rọ̀ ní 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera NHS, rọra sọ fún mi pé Fahrenheit làwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ka ìgbóná ara, Celsius ni tiwa, pé 100.4 tiwọn, 38 tiwa ni. Ọmọ ti kọjá ààlà látàná. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nítorí náà, tìrẹ nìyí, kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì: kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta, tí ara rẹ̀ bá dé 38, pe GP (dókítà àdúgbò yín) tàbí 111 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má dúró de ojúmọ́. Láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, 39 ni. Ọ̀fẹ́ ni 111, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, tí èdè bá sì fẹ́ há ọ lẹ́nu, wọ́n á wá ògbufọ̀ fún ọ. Orúkọ oògùn pàápàá máa ń yàtọ̀: acetaminophen tí o bá rí lójú ewé Amẹ́ríkà, paracetamol kan náà ni, ẹni tí kò bá mọ̀ lè fún ọmọ ní méjèèjì pa pọ̀. Paracetamol drops tí ìyá ọkọ rẹ lè gbé bọ̀ láti ilé ńkọ́? Òmíràn nínú wọn le ju síróòpù tí wọ́n ń tà níbí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, síbí kan náà lè di àṣejù. Gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ apòògùn kó bá ọ wò ó; kì í gba owó, o ò sì nílò àpọ́íńtímẹ́ǹtì.

Ti BCG ló mú mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ìyá ọkọ rẹ kò jẹ̀bi rárá. Ètò Nàìjíríà ni wọ́n ń kà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nílé. Níhìn-ín, wọ́n máa ń gún un fún àwọn ọ̀dọ́ nílé ẹ̀kọ́ títí di 2005, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mọ sí àwọn tí ewu ikọ́ ẹ̀gbẹ sún mọ́. Ọmọ tí bàbá, ìyá tàbí òbí rẹ̀ àgbà bá ti orílẹ̀-èdè tí èèyàn 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100,000 ti ń kó o lọ́dọọdún wà lára wọn. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ ní ẹ̀tọ́ sí i! Ìdí tí wọn kì í fi í gún un lọ́jọ́ ìbí mọ́ ní England ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ nígbà tó pé bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń wo fọ̀níkú-fọ̀ladìde, òun náà ni wọ́n fi ń wo SCID, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ lè gbèjà ara rẹ̀. Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ló wà nínú BCG, kò sì yẹ ọmọ tó bá ní SCID, nítorí náà wọ́n á dúró gba èsì, ìgbà tó bá pé bí ọjọ́ 28 ni wọ́n á gún un. Tìrẹ ti kọjá ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé yín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá torí pé kì í ṣe gbogbo GP ló ń gún un. Ibòmíràn, ọsibítù tàbí kíníìkì ọ̀tọ̀ ni.

Bí o ṣe máa dá ojú ewé wọn mọ̀: àmì NHS aláwọ̀ búlúù yẹn, ọmọ iléèwé lè yà á. Ojú àdírẹ́sì òkè ni kí o wò, ìparí rẹ̀, kí ó tó kan ìlà dídagun (/) àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ náà. Ẹnikẹ́ni lè fi NHS ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ìparí ni kò rí gbé wọ̀. nhs.uk ni ti ìlera fún gbogbo èèyàn ní England, gov.uk ni ti ìjọba lápapọ̀. Tí ẹ bá kó lọ sí Glasgow ní Scotland lọ́la, NHS inform ni tiwọn níbẹ̀, ètò wọn sì lè yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí Google ń gbé sókè pátápátá, ti àwọn tó sanwó ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á kọ Sponsored tín-ín-rín sí i. Mi ò kì í tilẹ̀ bá Google lọ mọ́, nhs.uk ni mo ń tẹ̀ tààrà, kí n tó wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Kí o tó gba ohunkóhun gbọ́ níbẹ̀, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn àti ìgbà tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Àwa tá a bímọ ṣáájú rẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ MMR àkọ́kọ́, tó ń dènà measles, mumps àti rubella, ń wáyé ní ọdún kan, èkejì ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n ti fi ti chickenpox kún un, ó ti di MMRV, èkejì sì ti sún wá sí oṣù 18. Ká ní ẹnu mi lásán lo gbọ́, ìdáhùn 2013 lò bá gbà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ojú ewé wọn báyìí ni pé wọ́n ti ń rí àwa náà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí, gbogbo ohun tí mo ń kà ni «ara ọmọ á pọ́n», «ètè á búlúù», mo máa ń wo ọmọ mi dúdú minimini, mi ò mọ ohun tí mo ń wá. Wọ́n ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní báyìí: lára aláwọ̀ dúdú, wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ti ibà pọ́njú, wo ẹyinjú àti inú ẹnu. Ti èésú yírùnyírùn (meningitis), wo àjà ẹnu àti inú ìpéǹpéjú pẹ̀lú. Ó tún wà níbẹ̀ pé kí ọmọ tó ń mu ọmú máa gba Vitamin D lójoojúmọ́, microgram 8.5 sí 10, láti ọjọ́ ìbí. Àwa àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, kí a rò ó láti máa lo 10 jálẹ̀ ọdún, torí oòrùn ibí yìí, àbúrò, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Tìróò ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dúró gbọn-in. Ní 2012, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, gbé ìròyìn ọmọ oṣù mẹ́fà kan jáde ní Boston. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ibi tó ti wọlé títí, wọ́n bá a nínú tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀bu náà wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Òjé kì í ṣe ohun tó ń pariwo. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ni mo tún ń tọ́ka sí yẹn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjé kò ní ti Celsius.

Àgbo: kí ọmọ tó tó oṣù mẹ́fà, ọmú tàbí mílíìkì ọmọdé nìkan ni. Tó bá jẹ́ oògùn inú ìgò ni Mama gbé wá, ìjọba tiwọn ni kí o fi bá wọn sọ̀rọ̀, NAFDAC. Orí ojú ewé wọn tó parí sí gov.ng ni wọ́n ń kéde oògùn tí kò dára. Mama á rántí 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan tí kẹ́míkà diethylene glycol wà nínú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rin nílé. Má bá wọn jà. Èmi ka ojú ewé náà sí ìyá ọkọ mi létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, «Ẹn-ẹn, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?» Tìróò wọn sì padà sínú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọmọ rẹ á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á gún un ní àwọn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. MenB, tó ń dènà irú yírùnyírùn kan, wà lára wọn, ó máa ń mú ara gbóná. Ka ojú ewé rẹ̀ kí o tó lọ, ìwọ̀n paracetamol tó yẹ kó lò lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀. Má sì dúró de ọjọ́ yẹn nítorí BCG. Lọ́jọ́ Ajé, pe health visitor rẹ, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìlera ọmọ kékeré, sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti bí ìwọ àti ọkọ rẹ, bi wọ́n pé kíníìkì wo ló ń gún un ládùúgbò yín, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn sínú ìwé pupa ìlera ọmọ.