Ṣé Dandan Ni Kí PDF Wà Nínú Àpò Ètò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń di ètò kọ̀ǹpútà kan sínú àpò .deb (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ) fún Debian, ẹ̀yà Linux kan. Àwọn tó kọ ètò náà ṣe ìwé ìlò rẹ̀ ní man àti info (méjèèjì ni a ń kà lórí terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), HTML, PDF àti EPUB. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Tó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ni mo máa mú, PDF ni, torí òun ló ṣeé kà níbi gbogbo. Àbí báwo lẹ ṣe rí i?

Ìdáhùn: O ò tọ̀nà, àbúrò mi, má bínú. Wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù yìí nìkan, PDF yìí náà ló sì ń wà nídìí ẹ̀.

Ibo ni "ibi gbogbo" yẹn? Lóru ọjọ́ kan, oníbàárà kan pè mí pé ètò tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún wọn ti dákẹ́. Iná ti lọ, kọ̀ǹpútà mi ti kú, fóònù ni mo fi ssh (ọ̀nà láti wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè) wọ sáfà (server) wọn. Mo tẹ man àti orúkọ ètò náà, ó dá mi lóhùn: "No manual entry for". Mo wo /usr/share/doc, àpótí tí ìwé àwọn ètò máa ń wà, PDF kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Sáfà ò ní ohun tó lè fi ṣí i. Mo fi dátà mi fà á sórí fóònù, mo wá ń fi ìka méjì fẹ ojú ìwé A4, mò ń tì í sọ́tùn-ún sósì, torí àṣẹ kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ!

Wọ́n ti tò PDF fún bébà kó tó dé ọwọ́ rẹ, kò sí ohun tó kàn án bóyá ojú fóònù rẹ kéré. HTML ń tún ara rẹ̀ tò bí ojú ibi tí wọ́n ti ń kà á bá ṣe fẹ̀ tó, w3m tàbí lynx, àwọn aṣàwákiri tó ń fi ọ̀rọ̀ lásán hàn, sì lè ṣí i lórí terminal. PDF kì í sì í ṣe orísun, ìyẹn fáìlì tí wọ́n kọ gan-an. Inú fáìlì tí wọ́n kọ ní LaTeX, Texinfo tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é jáde. Bí o bá bá PDF nínú tarball (ìdì fáìlì tí àwọn tó kọ ètò gbé jáde) láìrí ohun tí wọ́n fi ṣe é, wàhálà mìíràn nìyẹn, torí Debian fẹ́ kí orísun wà kí ẹlòmíì lè tún un ṣe.

Ohun tí Debian Policy, ìwé òfin àwa tá a ń di àpò, sọ kò le: kí ètò kọ̀ọ̀kan ní man page, kí ìwé tó bá gùn wà ní HTML, kí ìyókù wà lọ́wọ́ ìwọ tó ń di àpò. Bí HTML náà bá tóbi, ya á sọ́tọ̀ sínú àpò mìíràn tí orúkọ rẹ̀ parí sí -doc, tó jẹ́ "Architecture: all" (ẹ̀dà kan fún gbogbo irú ẹ̀rọ). Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ kan náà á wà nínú àpò amd64, á tún wà nínú ti arm64 (irú ẹ̀rọ méjì nìyẹn), á wà nínú gbogbo wọn, ẹni tó sì ń fi dátà olówó iyebíye fa ètò rẹ á máa sanwó ìwé tí kò ní ṣí láéláé.

Info? Bó bá jẹ́ ètò GNU, àwọn tó ń fi info kọ ìwé wọn, fi sílẹ̀. EPUB, yọ ọ́.

Mi ò sọ pé PDF ò wúlò rárá o. Bí ìṣirò tàbí àwòrán bá pọ̀ nínú ìwé náà, ó láàyè nínú -doc. Debian sì ni mò ń sọ. Fedora, ẹ̀yà Linux mìíràn, ní òfin tirẹ̀. Ka Policy tó wà lóde báyìí kí o tó fi àpò ránṣẹ́, má lọ sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é. Má sì jẹ́ kí ètò rẹ gbára lé fáìlì kankan nínú /usr/share/doc kó tó ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè pa gbogbo ibẹ̀ rẹ́.

Ní báyìí, ka iye ètò tó wà nínú /usr/bin (ibi tí àwọn àṣẹ ń wà) àpò rẹ. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, man page mẹ́ta ni mo fẹ́ rí. Èyí tí kò bá ní, help2man, ètò kan tó ń ṣe man page, á bá ọ fa ìpìlẹ̀ rẹ̀ yọ látinú ohun tí ètò náà ń sọ bí o bá fi --help pè é, ṣùgbọ́n fi ojú ara rẹ ka ohun tó bá kọ, pàápàá ìlà NAME, torí ibẹ̀ ni man -k, àṣẹ tí a fi ń wá man page, ń wò.