Ṣé "oko" ni campo ń jẹ́ níbi gbogbo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìwé ìtàn kan ni mò ń túmọ̀ láti èdè Sípéènì. Mo rí "maestre de campo" níbẹ̀, mo sì kọ "ọ̀gá oko", àmọ́ ogun ni ọkùnrin náà ń jà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àbúrò mi tó wà ní Venice náà ní ìtòsí Campo San Polo lòun ń gbé, bẹ́ẹ̀ kò sóko níbẹ̀. Kí ni campo gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ tètè pa "ọ̀gá oko" yẹn rẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé! Ọ̀gágun ni. Láyé ọba Carlos Karùn-ún, òun ló ń darí tercio, ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí wọ́n lè tó 3,000.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: campus, ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú. Ní Róòmù àtijọ́, òfin kò gbà kí ọmọ ogun tó dira wọ ààlà mímọ́ ìlú, nítorí náà Campus Martius, pápá Mars tó jẹ́ òrìṣà ogun wọn, lẹ́bàá odò Tiber, ni wọ́n ti ń kó ogun jọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dìbò. Òórùn ogun ò kúrò lára ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ wo Rodrigo Díaz tó kú ní 1099, El Cid táwọn èèyàn ń pè ní Campeador: akọni ojú ogun, kì í ṣe àgbẹ̀.

Ti Venice dùn mọ́ mi jù. Pápá koríko iwájú ṣọ́ọ̀ṣì làwọn campo níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹran ń jẹ̀ níbẹ̀, àwọn míì sì ń gbin ẹ̀fọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi òkúta tẹ́ ẹ, orúkọ ò yí padà. Kànga tẹ́ ẹ máa rí láàárín ọ̀pọ̀ wọn, omi òjò ló ń gbà nígbà kan, torí omi iyọ̀ ló yí ìlú náà ká. Èyí tó bá kéré ń jẹ́ campiello. San Marco nìkan ni wọ́n fún lórúkọ ńlá, piazza. "Gbàgede" ni mo máa ń kọ, tó bá jẹ́ àdírẹ́sì, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Campo de' Fiori ní Róòmù, pápá òdòdó, ọjà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dáná sun Giordano Bruno, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ítálì, ní February 17, 1600. Camposanto ní tirẹ̀, itẹ́ òkú ni.

Níbo wá ni "oko" ti tọ̀nà? Nínú "el campo" àwọn ará Sípéènì, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ó ti lọ sóko" láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbé ọkọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má pe campesino ní "ará oko". Èébú nìyẹn létí wa. Ní Kúbà, May 17 ni ọjọ́ àyẹ́sí wọn, nítorí òfin ilẹ̀ ti 1959. "Àgbẹ̀" ni kẹ́ ẹ kọ. (Campos tiwa ní Erékùṣù Èkó, orúkọ ìdílé Àgùdà ni, kò kan oko.)

Tẹ́ ẹ bá sì bá Casa de Campo pàdé ní Madrid, ẹ má kọ "ilé oko". Igbó ìṣọdẹ ọba ni tẹ́lẹ̀, 1931 ló di ti aráàlú.