Èsì: Òjò ni àbí oúnjẹ ló ń mú aláǹtakùn kóra jọ nínú igbó?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá òjò ló ń mú kí aláǹtakùn kóra jọ gbé nínú igbó ilẹ̀ olóoru, àbí oúnjẹ. Méjèèjì ni. Ẹ wo Anelosimus eximius, irú aláǹtakùn kan ti igbó Amazon ní Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹyọ kan kò tó èékánná, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jọ gbé inú ilé kan ṣoṣo tó rí bí apẹ̀rẹ̀, tí okùn tín-ín-rín na jáde lókè rẹ̀ láti dá kòkòrò tó ń fò dúró. Bí tata ńlá bá kó sí i, wọ́n á rọ́ jáde, wọ́n á jọ pa á, wọ́n á jọ jẹ ẹ́.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí: bí agbo ṣe ń pọ̀ sí i, iye kòkòrò tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín kù, àmọ́ èyí tí wọ́n ń mú ń tóbi sí i. Kòkòrò ńlá ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Irú kòkòrò ńlá bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lórí òkè Andes, ìdí nìyẹn tí àwọn ìbátan wọn tó wà lókè kì í fi í kóra jọ tó bẹ́ẹ̀.

Òjò líle ti ìsàlẹ̀ náà ń fa okùn ya lemọ́lemọ́. Aláǹtakùn tó bá dá gbé, agbára káká ni yóò fi tún tirẹ̀ ṣe kí òmíràn tó dé.